Ráútà Tí Kò Lè Dá Padà Wọlé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀ o. Ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Iwájú tábìlì mi ló ti ṣẹlẹ̀.

1.
Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń kọ orúkọ àwọn tó bá wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú íńtánẹ́ẹ̀tì wa, Ó-Ti-Tán là ń pè é. Ẹ ò tíì bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ tán tí á fi ní, "Ó ti tán!" Kí n má parọ́, ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì mọṣẹ́. Àmọ́ ẹ má sọ fún un pé kó tún iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò. Ìjà dé nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, agbẹ̀bí ni. Òun ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú, òun náà ló rán an lọ kọ́ṣẹ́. Obìnrin yìí ń múra ìdánwò tí wọ́n fi ń mú àwọn agbẹ̀bí lọ kàwé sí i. Wọn kì í gba ẹni tó bá ti ju ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta lọ, iye ọdún yẹn gan-an ló sì pé. Tí ìdánwò yẹn bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó parí.

2.
Lọ́jọ́ kan, ilé iṣẹ́ tó ń fún wa ní íńtánẹ́ẹ̀tì ní ká fi sọ́fítíwíà tuntun sínú ráútà, àpótí kékeré oníná wínníwínní tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé. Ó-Ti-Tán ṣe é kíá. Ọ̀gá wa obìnrin ní, "O ṣeun. Ó yá, yọ wáyà rẹ̀, kó o dá a padà, ká wò ó bóyá á padà wọlé fúnra rẹ̀."

Ó-Ti-Tán rẹ́rìn-ín. "Ha, Mà! Nẹ́tíwọ̀kì ń ṣiṣẹ́, ẹ ní kí n já a? Ṣé a máa ń jí ẹni tó ń sùn ká tó sọ fún un pé kó lọ sùn ni? Ó ti tán, Mà."

Ọ̀gá wò ó, ó mirí, ó bá tiẹ̀ lọ.

3.
Ilẹ̀ mọ́, kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìdájí ojoojúmọ́ ni ilé iṣẹ́ yẹn máa ń já íńtánẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú kan. Tẹ́lẹ̀, ráútà á padà wọlé fúnra rẹ̀, a ò tiẹ̀ ní mọ̀. Sọ́fítíwíà tuntun yìí ló yí ètò yẹn padà: àfi kí èèyàn lọ sí yàrá tí ráútà wà, kó fọwọ́ tẹ bọ́tìnì kan lójú ewé ètò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ibẹ̀ kó tó wọlé.

Ó-Ti-Tán tẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Ibi tó yẹ kó ti ṣàtúnṣe wà nísàlẹ̀ ojú ewé kan náà. Kò wò ó. Kò fẹ́ kí Ọ̀gá wá sọ pé, "Mo sọ fún ọ àbí mi ò sọ?" Ló bá fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Láràárọ̀ ló ń sáré dé ṣáájú gbogbo wa, á tẹ̀ ẹ́, á ti yàrá náà pa, á ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín títí di òní: Ọ̀gá yìn ín níwájú gbogbo wa pé òun ló ń tètè dé jù. Ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ ṣé, Mà."

4.
Ọjọ́ ìdánwò pé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ funfun lọ́rùn, torí ilé ìgbẹ̀bí ló ti ń bọ̀.

"Àbúrò mi, ṣé kò ní sí wàhálà?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

Agogo mẹ́sàn-án, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó-Ti-Tán ti tẹ ráútà tiẹ̀ láàárọ̀, ó bá lọ ra wáyà lápá kejì ìlú, tòun ti kọ́kọ́rọ́ lápò.

Nígbà tó di agogo mẹ́wàá, iná lọ, ó sì dé, bí ìgbà téèyàn ṣẹ́jú. Kọ̀ǹpútà ò kú, wọ́n ní bátìrì. Ráútà kú, ó jí, àmọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ò padà. Òfin ìdánwò náà sì ni pé ẹni tí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ bá já fún ogún ìṣẹ́jú, wọ́n á ti ìdánwò mọ́ ọn.

Ọ̀gá ní, "Ẹ má bẹ̀rù, á padà fúnra rẹ̀." A dúró. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Mo pe Ó-Ti-Tán.

"Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́!" ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ká tẹ kí ni? Ṣebí o ti yàrá pa!"

"Yé è! Mò ń bọ̀!"

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tá ò já ilẹ̀kùn, irin ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò dìde lórí àga. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì, ó ń wo aago ara ògiri. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló gba Ó-Ti-Tán kó tó fi alùpùpù dé. Ó tẹ̀ ẹ́, nẹ́tíwọ̀kì wọlé wàrà. Ohun tó hàn lójú kọ̀ǹpútà ni pé: Ìdánwò yín ti parí.

Àwọn tó kù lè padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò lè padà, ọjọ́ orí rẹ̀ á ti kọjá. Ọ̀gá kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ títí, àwọn elétò ìdánwò ní ẹ̀bi gbọ̀ngàn kì í ṣe tàwọn.

5.
Obìnrin náà ò pariwo. Ó kàn bi àbúrò rẹ̀ pé, "Ṣé o mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kì í padà wọlé fúnra rẹ̀?"

Ó ní, "Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá ti lọ ṣe é níbòmíràn."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mi ò tijú.

Lójú Ó-Ti-Tán báyìí ni Ọ̀gá fi ìka fa ojú ewé yẹn wálẹ̀, ó tẹ ibì kan, ó yọ wáyà, ó dá a padà. Ráútà wọlé fúnra rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Wọn ò lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ìtìjú ló lé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dárí jì í, ó ṣì ń bu oúnjẹ fún un tó bá yà sílé. Àmọ́ lóṣù tó kọjá, fóònù obìnrin náà bàjẹ́. Ó-Ti-Tán nawọ́ pé kó gbé e wá, kóun tún un ṣe. Ó ní, "Má ṣèyọnu, àbúrò mi." Ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí ló gbé e lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, mo bẹ̀ yín: bí iṣẹ́ yín bá ní àléébù, ẹ sọ ọ́ síta kó tó bá ẹlòmíràn jẹ́. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ tún un wò kì í ṣe ọ̀tá yín. Ẹ má bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ nítorí ìyìn, torí ẹni tó fẹ́ràn yín jù ló lè fara gbá a. Kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.