Ìbéèrè Kan Náà

“Wọ́n ní ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń wúkọ́… wọ́n ní mánéjà ti ń lé wọn… ẹ ṣáà ti gbọ́.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ òkúta ní Karmo ń sọ sétí ara wọn nígbà tí ọmọbìnrin olùwádìí padà dé pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀, tó jókòó sínú ọkọ̀ níta. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó ti bi wọ́n nípa ìlera wọn. Lónìí, ìbéèrè kan náà ló tún gbé wá, kí àwọn olùwádìí lè mọ̀ bóyá ìdáhùn àwọn òṣìṣẹ́ náà ṣeé gbára lé. Ẹni tó bá sọ pé òun ń wúkọ́, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó kan Ìyá Nafisah.

“Ìyá, ṣé ẹ ń wúkọ́?”

“Rárá o, ọmọ mi. A dúpẹ́.”

Kò tíì pa ẹnu dé tí ikọ́ fi gbé e. Ó tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki bí símẹ́ǹtì pípò sínú ìborùn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Olùwádìí rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ẹ má bẹ̀rù mánéjà yín, ìyá. Kò ní gbọ́.”

“Mánéjà kẹ̀? Ta ní ń sọ tiẹ̀? Ọ̀gá yín ni, tó ti gíláàsì ọkọ̀ mọ́ra níta yẹn nítorí eruku. Mo sọ fún un láàárọ̀ yìí pé ẹ̀yìn tẹ́ ẹ bi mí níjọ́sí ni ikọ́ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.”

“Kí ló wí?”

Ìyá nu ẹnu. “Ó ní: ‘Ìyá, bẹ́ ẹ tiẹ̀ ń kú lọ, ohun tẹ́ ẹ sọ níjọ́sí ni kẹ́ ẹ tún sọ. Ẹ má ba iṣẹ́ mi jẹ́.’”