Òjé Tó Ṣẹ́kù Lórí Ìṣó

Ẹ má kà á dé ìdajì kẹ́ ẹ fò ó o. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ìyá yín ń pè tẹ́ ẹ ń sọ pé "mò ń bọ̀".

1. Tíṣà kan fẹ̀yìn tì. Ohun kan ṣoṣo ló ń wù ú láyé: kó mọ bàbá ìyá rẹ̀, tó wọ ihò ìwakùsà òjé tí kò jáde láàyè mọ́. Kò sí fọ́tò, kò sẹ́ni tó mọ sàréè rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Tíṣà ń jókòó sí yàrá ìwé àtijọ́, tí eruku ń mú un sín, tó ń ṣí ìwé tí ikán ti jẹ létí. Ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin tí kò rí rí.

Màmá rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, a máa pè é. "Ọmọ mi, wá jókòó, jẹ́ n sọ̀rọ̀ bàbá mi fún ẹ."

"Màmá, ọmọ ọdún mẹ́fà lẹ wà nígbà yẹn. Ìwé ni mo gbà gbọ́."

"Ṣé ìwé ló bí ẹ ni, àbí èmi?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

2. Màmá ní òjé pẹlẹbẹ kan, kò ju bọ́tìnnì kóòtù lọ, tó máa ń fi àtàǹpàkò ra ṣáá. Tíṣà kà á pé májèlé ni òjé. "Ẹ gbé e wá, Màmá, á pa yín!" Ó já a gbà, ó fún apẹja ẹ̀gbẹ́ ilé wọn. Ìyẹn yọ́ ọ, ó so ó mọ́ àwọ̀n. Màmá sunkún bí ọmọdé. Tíṣà ní á gbàgbé.

3. Lọ́jọ́ kan, ó rí i! Ìwé àwọn tí ihò wó pa, àti ibi tí wọ́n sin kálukú sí. Ṣùgbọ́n kò sí orúkọ. Àmì nìkan ni, mẹ́tàlélógójì.

"Tíṣà, wọn ò mọ̀wé nígbà náà," ni akọ̀wé tó ń tọ́jú ìwé wí. "Kálukú ló gbẹ́ àmì tirẹ̀ sára òjé pẹlẹbẹ. Tó bá ń wọlé, á fi kọ́ ìṣó lẹ́nu ihò. Tó bá jáde, á mú un. Èyí tó bá ṣẹ́kù lórí ìṣó, wọ́n á gbé e fún ìyàwó rẹ̀."

Yéè! Òjé tó já gbà lọ́wọ́ Màmá nìyẹn!

4. Ó délé, ó dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ dárí jì mí. Báwo ni àmì yẹn ṣe rí?"

"Mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀, ọmọ mi. Ìka mi ló mọ̀ ọ́n."

Láràárọ̀, Tíṣà á fìka ya àmì kan látinú ìwé náà sí àtẹ́lẹwọ́ Màmá. Màmá á mirí. "Kì í ṣèyí. Ṣó o mọ̀ pé bàbá mi máa ń súfèé tó bá ń bọ̀ wálé?" Tíṣà á wá jókòó, á gbọ́. Àárọ̀ mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tó di ogún, Tíṣà na ìka, ọwọ́ Màmá ti tutù.

Sàréè mẹ́rìnlélógún ló ṣẹ́kù tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti bàbá Màmá. Gbogbo wọn ni Tíṣà ń ro koríko ìdí wọn báyìí, tó ń súfèé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó ti àgbà yín nígbà tí ẹnu ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹ má já ohun tí wọ́n dì mọ́wọ́ gbà torí pé ẹ kàwé. Ohun a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.