Àwọ̀ Eyín Jùwọ́n

Dókítà eyín kúnlẹ̀ kí Olúbùnmi, ìyá Jùwọ́n, ó fún un ní àga, ṣùgbọ́n kò jókòó.



"Dókítà, ẹ dákun, eyín iwájú Jùwọ́n ọmọ mi tí ẹ bá wa dí lọ́dún méjì sẹ́yìn, ṣé ó lè pọ́n?"

"Ó lè pọ́n gan-an, Mà. Ohun tí a fi dí i máa ń fa àwọ̀ mu. Ṣé ó ń mu kọfí?"

"Láràárọ̀. Èmi ni mò ń fi ránṣẹ́ sí i lóko, lọ́nà Ìfọ́n."

"Obì ńkọ́?"

Olúbùnmi kàn mi orí ni. Jùwọ́n kì í fi obì ṣeré.

"Ẹ ò rí nǹkan! Ọdún méjì tó kó dà bí irin tó dípẹtà."

"Funfun báláú ni mo mọ̀ ọ́n sí! Àtìgbà tẹ́ ẹ ti dí i, n ò yẹ̀ ẹ́ wò mọ́."

"Ẹ má fòyà, Mà. Ẹ ní kó wá lọ́la, màá bá a fọ̀ ọ́."

Olúbùnmi bú sẹ́kún.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti ń wá Jùwọ́n kiri.

Lánàá, ọlọ́pàá mú ìyá rẹ̀ lọ wo òkú kan ní mọ́ṣúárì. Ojú ti bàjẹ́, eyín nìkan ló ṣeé wò. Ó rí i pé ti iwájú pọ́n, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í yin Ọlọ́run lógo.

"Dókítà," ni ó wí, "mo ti buwọ́ lùwé pé n ò mọ̀ ọ́n rí."