Àfẹ́sọ́nà Nídìí Ìtọ́kọ̀

“Bàbá, ẹ wò ó! Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí ìyẹ́ ẹyẹ!”

Àfẹ́sọ́nà di ọ̀pá tó so ìtọ́kọ̀ méjèèjì pọ̀ mú nídìí ọkọ̀ ìgbòkun tó ní ikùn méjì bí ìbejì, ó ń tì í sọ́tùn-ún, ó ń fà á sósì, ó ń súfèé.

“Mo rí i bẹ́ẹ̀,” ni bàbá ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣaya dáhùn láti àárín ọkọ̀.

Àdéhùn wọn ni pé bí wọ́n bá yí àmì pupa inú omi po, tí wọ́n sì gúnlẹ̀ láìforí gbá nǹkan, bàbá yóò fọwọ́ sí ìgbéyàwó. Ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó síwájú, ó ń fa okùn ìgbòkun, ó ń dẹ̀ ẹ́.

Wọ́n yí i po. Wọ́n gúnlẹ̀ wẹ́rẹ́ sórí iyanrìn.

“Ọ̀gá awakọ̀ ni mí, àbí mo purọ́?” ni Àfẹ́sọ́nà bi bàbá.

“Wẹ̀yìn ná.”

Ìtọ́kọ̀ méjèèjì ṣì ká sókè bí wọ́n ṣe wà kí wọ́n tó gbéra. Àfẹ́sọ́nà gbàgbé láti sọ̀ wọ́n sómi! Okùn ọwọ́ ọmọbìnrin nìkan ló darí ọkọ̀ lọ, òun ló darí rẹ̀ bọ̀.

Àfẹ́sọ́nà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún mi dán wò!”

“Dìde, jàre. Mo ti fọwọ́ sí i.” Bàbá wo ọmọbìnrin rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ta ló sọ pé ìwọ ni mò ń dán wò?”