Orí Kẹrin Tí Akọ̀wé Kò Kà fún Wọn

Ẹ̀yin ará, ẹ dákun, ẹ má fò ó kọjá. Ẹ fara balẹ̀ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní yunifásítì. Ó ti rẹ èmi náà láti máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ ọ́, ẹlòmíràn á tún ṣe é.

1.
Ọmọbìnrin kan wà tí àbúrò ìyá rẹ̀ tọ́ dàgbà. Aṣọ ni àǹtí rẹ̀ yìí ń fọ̀ nílé ìwòsàn ńlá kan: aṣọ ibùsùn, aṣọ dókítà, aṣọ ẹlẹ́jẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún lẹ́nu ẹ̀, aṣọ fífọ̀ yẹn ló sì fi rán ọmọ lọ sí yunifásítì. Nígbà tí ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ìgbé ayé ọmọ ènìyàn lòun fẹ́ kọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní antropọ́lọ́jì, àǹtí rẹ̀ ní, "Ènìyàn tá à ń bá jà lójoojúmọ́ yìí náà lo fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì?" Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí.

Ọmọ kíláàsì kan náà ni èmi àti ọmọbìnrin yìí. Ní ọdún kìíní, olùkọ́ wa, ìyá àgbàlagbà kan, dúró níwájú, ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan bá sọ fún yín, ó fi í pamọ́ sọ́wọ́ yín ni. Kò di tiyín." Gbogbo wa kọ ọ́ sílẹ̀. Kíkọ sílẹ̀ ò ṣòro.

2.
Nígbà tó kan iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí yóò fi gboyè, yàrá ìfọṣọ àǹtí rẹ̀ ló yàn. Ilé ìwòsàn fún un níwèé àṣẹ, wọ́n ní bó bá parí, kó mú ẹ̀dà kan wá fún àwọn. Oṣù mẹ́ta ló fi jókòó sáàárín àwọn obìnrin márùn-ún tó ń fọṣọ níbẹ̀, àǹtí rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, nínú ooru àti òórùn ọṣẹ, tí ẹ̀rọ ń pariwo. Wọ́n sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Wọn ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún un, torí ọmọ wọn ni.

Ibẹ̀ ló ti rí i pé ìbàdí àǹtí rẹ̀ ti bàjẹ́. Kò lè gbé aṣọ tútù mọ́, ẹni tí kò bá sì lè gbé e, ilé ni wọ́n ń lé e lọ. Kò pé ọdún kan mọ́ tí àǹtí yóò fẹ̀yìn tì. Àwọn mẹ́rin yòókù wá ń pín ẹrù rẹ̀ gbé. Lọ́jọ́ tí kò bá lè dìde rárá, wọ́n á buwọ́ lùwé fún un bí ẹni pé ó wá.

Ọ̀kan nínú wọn wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sítáàṣì, torí bí aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì sí, kì í tẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Òun ló béèrè pé, "Akọ̀wé, ṣé èyí tí ò ń kọ yìí ò ní dá wàhálà sílẹ̀?"

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni."

3.
Ọ̀rọ̀ yìí ló kọ sí orí kẹrin. Ó kọ ọ́ dáadáa, kí n má parọ́. Ó ń yìn wọ́n ni. Kò dárúkọ lóòótọ́. "Obìnrin Kìíní" ló pe àǹtí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ pé Obìnrin Kìíní ló pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́, pé ọ̀já pupa ló fi ń di ìbàdí, pé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Yàrá ìfọṣọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ni kò ní mọ̀ ọ́n?

Ìyá olùkọ́ yìí kan náà ló ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀. Ó kà á tán, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ṣé o ti ka orí kẹrin fún àwọn tó ni ọ̀rọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, mà."

Irọ́ ni. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ọjọ́ mẹ́rin ló sì kù tí a máa kó iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wa fún yunifásítì. Wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri pé òun ló máa gba ẹ̀bùn akẹ́kọ̀ọ́ tó ta yọ. Bó bá kà á fún wọn, wọ́n lè ní kó yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ orí kẹrin ló gbé iṣẹ́ náà dúró. Ó sọ fún mi pé, "Àwọn tí kò mọ̀wé, kí ni mo fẹ́ kà fún wọn?" Mo rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n bá a wí.

4.
Ó gba ẹ̀bùn náà, a pàtẹ́wọ́ fún un. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó múra dáadáa, ó gbé ẹ̀dà kan tí wọ́n fi páálí líle dì, tí orúkọ rẹ̀ ń dán lára ẹ̀, lọ sí ọ́fíìsì alákòóso ilé ìwòsàn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé e lọ o. Alákòóso kí i kú iṣẹ́, ó sì kà á.

Wọ́n pe àǹtí. Wọ́n ṣí orí kẹrin síwájú rẹ̀, wọ́n bi í bóyá òun ni. Kò jiyàn. Wọ́n lé e, ó sì ku oṣù mẹ́ta péré kó gba owó ìfẹ̀yìntì tó ti fi gbogbo ara ṣiṣẹ́ fún. Àwọn mẹ́rin yòókù gba ìwé ìkìlọ̀.

Ìyá Sítáàṣì pàdé Akọ̀wé lẹ́nu géètì.

"Àwa tá a ti ń gbé e bọ̀ láti ọjọ́ yìí, ìwọ lo wá jù ú sílẹ̀."

"Màmá, mi ò dárúkọ..."

"Orúkọ! Ta ló ń wá orúkọ?" Ó kọjá lọ.

5.
Àǹtí kò bínú síta, ìyẹn ló sì burú jù. Gbogbo ọjọ́ Sunday ni ọmọ ń lọ kí i. Àǹtí á ní kó jókòó, á bi í bóyá ó ti jẹun, á dákẹ́. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi tẹ́lẹ̀! Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà kúnlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ tiẹ̀ bú mi."

Àǹtí wá dá a lóhùn.

"Kí n sọ̀rọ̀, àbí? Ṣé o mú bírò dání?"

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin oníròyìn, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọ̀rọ̀ ẹbí sórí ẹ̀rọ ayélujára, mo bẹ̀ yín, mo sì ń kìlọ̀ fún yín: pé ẹ kò dárúkọ kò túmọ̀ sí pé ẹ pa àṣírí mọ́. Kí ẹ tó fi í síta, ẹ kà á fún ẹni tó ni ín, lédè tó gbọ́. Bó bá ní kí ẹ yọ ọ́, ẹ yọ ọ́. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ lọ sùn, kí ẹ jí kà á fún un. Ẹ lè gboyè lọ́dún tó ń bọ̀. Akọ̀wé ti gboyè tirẹ̀, ó wà lára ògiri, àǹtí rẹ̀ kò sì tíì bá a sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.