Pẹ́ńsù Tí Ọlọ́pàá Fi Hàn Lórí Tẹlifíṣọ̀n

"Ẹ wo pẹ́ńsù yẹn!"

Obìnrin tó ń ta ìwé àti pẹ́ńsù fò dìde níwájú tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi fóònù ya àwòrán ohun tó rí.

Ìyá Pẹ́ńsù ni wọ́n ń pè é nínú gúrúùpù àwọn tó fẹ́ràn pẹ́ńsù lórí ayélujára. Kò sí pẹ́ńsù tó yọjú nínú fíìmù tí ojú rẹ̀ kì í tó.

Ṣùgbọ́n fíìmù kọ́ lèyí. Ọ̀gá ọlọ́pàá ló ń fi pẹ́ńsù aláwọ̀ ewé kan yangàn. Ó ní pẹ́ńsù náà gan-an ni olè kan tó ṣì wà lẹ́wọ̀n fi kọ̀wé, lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, pé lóòótọ́ lòun jalè.

Ìyá Pẹ́ńsù gbé àwòrán náà sí gúrúùpù.

"Irọ́ funfun báláú! Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni irú pẹ́ńsù yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde."

Ẹ̀rín sọ nínú gúrúùpù.

"Pẹ́ńsù lásánlàsàn!" ni ẹnì kan kọ.

Alága gúrúùpù ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. "Màmá, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ má tọ oyin nídìí."

"Oyin náà ti ta mí tipẹ́. Mi ò yọ ọ́."

Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó mú ìwé tí ilé iṣẹ́ fi kó irú pẹ́ńsù náà wá nígbà tó kọ́kọ́ jáde, tí ọjọ́ wà lórí ẹ̀. Ó ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ó gba ọ́fíìsì lọ́yà lọ.

Alága pè é lójú ọ̀nà. "Màmá, kí ló kàn yín nínú ọ̀rọ̀ olè?"

"Má pè é lólè mọ́," ló dá a lóhùn, kò sì dẹsẹ̀ dúró. "Ọkọ mi ni."