Òṣùpá Tó Ń Mí

Nígbà tí Ládépọ̀ fi máa wọlé ní Whitby, ìlú òyìnbó tó ń gbé, inú ti ń bí i. Dókítà Akíndàmọ́lá, ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì, kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé ìwádìí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀la ni gbèdéke. Láìsí ìwé yẹn, kò sí oyè.

Òṣùpá ní afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ kan, òun ni Ládépọ̀ ń ṣèwádìí lé lórí. Sodium wà nínú rẹ̀, èyí tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀ náà, ó sì máa ń tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè tí ojú lásán kò lè rí. Ẹ̀yìnkùlé ni Ládépọ̀ gbé awò awọ̀nàjíjìn sí. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á bọ́ sí yàrá, á ta kọ́tìnnì kí iná kọ̀ǹpútà má bàa tàn síta, á sì máa wo nọ́ńbà. Láti oṣù karùn-ún ló ti rí i pé ìmọ́lẹ̀ náà ń lọ sókè, ó ń wálẹ̀, ní bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ mẹ́jọ. Òṣùpá ń mí! Ẹnì kankan kò rí irú rẹ̀ rí.

“Mo fi awò tèmi wò ó ní Georgetown níbi tí mò ń gbé,” ni Dókítà sọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. “Mi ò rí nǹkan kan. Ṣé kò sí iná nítòsí ẹ?”

“Uncle, mo ti check. Mo pa gbogbo gílóòbù. Gáàsì Mọ́mì nìkan ló wà níbẹ̀, blue ni iná ẹ̀. Mo tàn án, mo wọ̀n ọ́n, zero.”

“Lọ wọ̀n ọ́n níbòmíì.”

Níbòmíì kẹ̀! Ìlara ni, kí ni ì bá tún jẹ́?

Mọ́mì wà ní kíṣìnnì, wọ́n ń gé iṣu. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé láti Ìbàdàn ní ìparí oṣù kẹrin, kò sí ìrọ̀lẹ́ iṣẹ́ tí wọn kì í dín dùndú fún ọmọ wọn, kí ebi má pa á. Ìta ni wọ́n ti ń dín in, nítorí àláàmù èéfín onílé kì í gbọ́ tẹnìkan.

Ládépọ̀ rojọ́ fún wọn. Wọ́n pòṣé.

“Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Ọmọ Yorùbá bíi tìẹ! Má gbà fún un.”

Ládépọ̀ jókòó, ó kọ lẹ́tà. Ó ní olè ni Dókítà, ó fẹ́ gba iṣẹ́ òun mọ́ òun lọ́wọ́. Ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn ará ẹ̀ka wọn ní yunifásítì, ó sì mí kanlẹ̀. Ara tù ú.

“Ládépọ̀, ó ti ń jinná o!” Mọ́mì pè é láti ìta.

Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì bá Mọ́mì nítòsí awò rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń yọ abala iṣu mìíràn nínú omi iyọ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe ní bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ mẹ́jọ, wọ́n ń gbọn omi rẹ̀ nù kí wọ́n tó jù ú sínú epo, omi náà ń ta sí iná gáàsì, iná náà sì ń pọ́n bí ìyeyè.